Ríra Sítóòfù Gáàsì fún Ilé: Ibi tí Owó Lè Dín àti Ibi tí Kò Gbọdọ̀ Dín

Àwọn àgbà a máa wí pé ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á. Òwe yìí kò pin sí orí ẹran àti epo nìkan. Ó kan iná tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ náà pẹ̀lú. Igi ìdáná kò sí nítòsí ilé mọ́ bí ó ti wà láyé àtijọ́. Èédú ti di ohun tí ènìyàn ń fi owó gidi rà. Epo òyìnbó sì ti gbówó lórí débi pé ọ̀pọ̀ ilé ni ó ti gbé sítóòfù olówùú wọn sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Nítorí náà ni àwọn ènìyàn fi ń yíjú sí gáàsì, kì í ṣe ní Ìbàdàn àti Èkó nìkan, ṣùgbọ́n ní àwọn ìlú kéékèèké àti ní àwọn abúlé tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú.

Ẹni tí ó ń ra gáàsì fún ìgbà àkọ́kọ́ a máa bá ara rẹ̀ láàárín ìṣòro méjì. Owó ọwọ́ rẹ̀ kéré, ọjà tí ó wà lórí àtẹ sì pọ̀. Èyí ń dán bí dígí, èyí ní ojú mẹ́rin, òmíràn kò ju ìlàjì owó àwọn yòókù lọ. Bí ó bá tẹ̀lé ojú rẹ̀, owó á tán. Bí ó bá sì tẹ̀lé ẹ̀dínwó nìkan, ó lè ra ewu wọ ilé. Ẹ̀kọ́ kan ni ó yẹ kí ó mú dání lọ sí ọjà, òun nìyí: ohun tí iná ń jó lórí rẹ̀ ni kí ó fi ṣọ́wó ná, ohun tí ó gbé gáàsì dání ni kí ó má ṣe fi ṣọ́wó ná rárá.

OHUN TÍ GÁÀSÌ ÌDÁNÁ JẸ́

Èròjà méjì ni ó wà nínú gáàsì ìdáná. Propane àti butane ni orúkọ wọn. Inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wá, pẹ̀lú epo rọ̀bì àti gáàsì tí ó máa ń bá a jáde. Bí wọ́n bá fi agbára tẹ̀ wọ́n mọ́ inú irin, wọ́n á di omi. Bí wọ́n bá tú wọn sílẹ̀, wọ́n á padà di afẹ́fẹ́. Ìdí nìyí tí ènìyàn fi ń gbọ́ ohun tí ó ń mì bí omi nígbà tí wọ́n bá gbé sìlíńdà. Líta kan omi gáàsì náà a máa di nǹkan bí líta 250 nígbà tí ó bá jáde sí gbangba.

Ọjọ́ pẹ́ tí gáàsì ti ń jáde láti inú ilẹ̀ Nàìjíríà kí ó tó di ohun ìdáná ní ilé àwọn ènìyàn ibẹ̀. Ní ọdún 1999 ni ilé-iṣẹ́ Nigeria LNG tí ó wà ní erékùṣù Bonny bẹ̀rẹ̀ sí fi ọkọ̀ ojú omi kó gáàsì lọ sí òkè òkun. Ní ọdún 2007 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí pèsè gáàsì ìdáná fún ọjà ilé, nígbà tí ó sì di ọdún 2022, ó kéde pé gbogbo gáàsì ìdáná tí òun bá ṣe yóò máa wà fún ọjà Nàìjíríà.

Ìwà mẹ́ta ni gáàsì yìí ní tí ó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀. Èkíní, ó wúwo ju afẹ́fẹ́ tí ènìyàn ń mí lọ. Bí ó bá jò, kì í gba ojú fèrèsé jáde bí èéfín. Ńṣe ni í wọ́ nílẹ̀ bí omi, tí í lọ sábẹ́ ibùsùn, sínú kòtò àti sí igun ilé, tí í sì dúró síbẹ̀. Èkejì, òun fúnra rẹ̀ kò ní òórùn. Àwọn tí ó ń ṣe é ni wọ́n fi ohun olóòórùn sí i, tí ó ń rùn bí ẹyin tí ó ti bàjẹ́, kí imú lè mọ̀ ọ́n kí iná tó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀kẹta, kò ní láti pọ̀ kí ó tó gbiná. Bí ìdá 2 péré nínú ìdá 100 afẹ́fẹ́ inú yàrá bá jẹ́ gáàsì, ìṣáná kan tó láti mú kí ó gbiná lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo ìmọ̀ràn tí ó ń bọ̀ nísàlẹ̀ yìí, orí ìwà mẹ́ta wọ̀nyí ni ó dúró lé.

ÈRÈ TÍ Ó WÀ NÍNÚ RẸ̀

Kò sí ìyá ilé tí kò mọ ohun tí èéfín ń ṣe sí ojú. Èyí tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni ohun tí ó ń ṣe sí ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, èéfín àti afẹ́fẹ́ búburú inú ilé ṣe okùnfà ikú ènìyàn tí ó tó mílíọ̀nù 3.2 káàkiri ayé, àti pé àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún nínú wọn ju 237,000 lọ. Ọmọ tí ìyá pọ̀n sẹ́yìn nídìí ààrò ń mí èéfín kan náà tí ìyá rẹ̀ ń mí, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀dọ̀fóró tirẹ̀ kò tíì gbó.

Èrè kejì wà nínú ooru tí ó ń wọ inú ìkòkò. Bí wọ́n bá pín ooru tí igi mú jáde lábẹ́ ààrò olókùúta mẹ́ta sí ọ̀nà 100, nǹkan bí 10 sí 15 péré ni ó ń wọ inú ìkòkò. Afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé ìyókù lọ. Ní ti sítóòfù gáàsì tí ó dára, ó ju ìdajì lọ tí ó ń wọ inú ìkòkò. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ èyí tí ó wọ́n jù kò gbọdọ̀ fi iye owó àpò èédú kan wé iye owó gáàsì lásán. Iye ìgbà tí ó fi àpò èédú náà dáná ni kí ó kà, kí ó sì ka ti gáàsì bákan náà.

OHUN MẸ́RIN TÍ ÈNÌYÀN Ń RÀ

Ẹni tí ó bá ní òun ń lọ ra gáàsì, ohun mẹ́rin ni ó ń lọ rà: sìlíńdà tí gáàsì wà nínú rẹ̀, rẹgulétọ̀ tí ó ń dín agbára rẹ̀ kù, rọ́bà tí ó ń gbé e lọ, àti sítóòfù tí ó ń jó o. Àwọn mẹ́ta ìṣáájú ni ìṣọ́. Ẹ̀kẹrin nìkan ni ibi tí ènìyàn ti lè dín ìnáwó rẹ̀ kù láìsí àbámọ̀.

1. Sìlíńdà. Tuntun ni ó yẹ kí ó jẹ́, láti ọwọ́ oníṣòwò tí ó ní ṣọ́ọ̀bù tí ènìyàn lè padà sí. Àwọn kan wà tí ń ra sìlíńdà àlòkù, tí wọ́n á fi ọ̀dà kùn ún, tí yóò sì máa dán lójú. Oníṣòwò bẹ́ẹ̀ á ní, “Ìyá, ẹ wò ó, bí tuntun ni.” Ìyá tí ó gbọ́n á dá a lóhùn pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ kí n rí ìdí rẹ̀.” Ní ìdí sìlíńdà ni omi ti máa ń sun, ibẹ̀ ni irin sì ti kọ́kọ́ ń dógùn-ún. Bí ìdí bá ti jẹ, bí ara rẹ̀ bá tẹ̀ wọnú, tàbí bí ó bá hàn pé wọ́n ti jó irin lẹ̀ mọ́ ọn níbi tí kò yẹ, kí ó fi sílẹ̀ fún olówó rẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́. Kí ó sì wo ọrùn sìlíńdà náà. Ọdún tí wọ́n ṣe é gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nínú irin, àti ìwọ̀n rẹ̀ nígbà tí ó ṣófo, èyí tí wọ́n máa ń fi lẹ́tà T.W. tàbí TARE hàn. Sìlíńdà tí wọ́n ti pa àkọlé ara rẹ̀ rẹ́ dà bí ẹni tí kò fẹ́ sọ ọjọ́ orí rẹ̀ fún dókítà.

2. Rẹgulétọ̀. Gáàsì inú sìlíńdà ní agbára púpọ̀ ju èyí tí sítóòfù ilé lè gbà lọ. Rẹgulétọ̀ ni ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Oríṣi ẹnu ni ó wà lórí sìlíńdà, kì í sì í ṣe gbogbo rẹgulétọ̀ ni ó bá gbogbo ẹnu mu; nítorí náà, kí wọ́n gbé e sórí sìlíńdà gan-an ní ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n tó san owó. Rẹgulétọ̀ alágbára tí àwọn olóńjẹ ń lò fún iná ńlá kò yẹ fún sítóòfù ilé. Bí iná bá ń hó, tí ó sì ń fò sókè kúrò lójú sítóòfù, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gbé irú rẹ̀ fún onílé.

3. Rọ́bà. Ohun tí owó rẹ̀ kéré jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni èyí, òun ni àwọn ènìyàn sì máa ń fi ṣe ahun jù. Wọ́n á gé rọ́bà omi tàbí rọ́bà afẹ́fẹ́, wọ́n á fi wáyà tàbí àgékù rọ́bà táyà dì í. Gáàsì yìí a máa jẹ rọ́bà lásán. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa rọ̀, tí yóò sì máa lá. Rọ́bà tí wọ́n ṣe fún gáàsì ni kí wọ́n rà, kí gígùn rẹ̀ má ju mítà kan àbọ̀ lọ, kí wọ́n sì fi ìdè irin onískúrù dè é ní ìhà méjèèjì. Kò gbọdọ̀ gba ẹ̀yìn ibi tí ó gbóná kọjá. Ní oṣooṣù, kí onílé tẹ̀ ẹ́ wò: bí ó bá fi ojú sísán hàn, bí ó bá le gan-an, tàbí bí eku bá ti fi eyín kàn án, ọjọ́ náà ni kí ó pààrọ̀ rẹ̀.

4. Sítóòfù. Níbí ni ẹ̀dínwó wà. Ojú mẹ́rin kò wúlò fún ilé tí ìkòkò méjì kì í sábà wà lórí iná pọ̀. Dígí òkè rẹ̀ kò mú ọbẹ̀ yára jinná, ó sì lè fọ́ bí wọ́n bá gbé ìkòkò eléwà lé e. Ohun tí ń tan iná fúnra rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ìṣáná kò wọ́n. Ààrò búrẹ́dì tí ó wà lábẹ́ sítóòfù ńlá, ẹni tí kì í yan nǹkan kò ní ohun tí yóò fi ṣe. Sítóòfù onírin olójú méjì, tí kò ní dígí, tó fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé. Ohun tí kí ó wò níbẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ó má mì. Irin tí ń gbé ìkòkò ró, kí ó má tẹ́ẹ́rẹ́. Àti kọ́rọ́ tí ń ṣí gáàsì, kí ó má rọ̀ jù débi tí aṣọ lásán lè yí i.

Ọ̀rọ̀ kan wà lórí sítóòfù tòkunbọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti ìlú tí wọ́n ti ń fi páìpù abẹ́ ilẹ̀ gbé gáàsì mìíràn wọ ilé. Ihò tí gáàsì ń gbà jáde nínú wọn tóbi ju èyí tí gáàsì sìlíńdà fẹ́ lọ. Bí wọn kò bá pààrọ̀ rẹ̀, iná á pọ́n, á ga, ìkòkò á dúdú, owó gáàsì á sì máa ṣòfò. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ rà á rí i kí ó jó pẹ̀lú gáàsì sìlíńdà ní ojú rẹ̀ kí ó tó sanwó. Iná aláwọ̀ búlúù tí kò pariwo ni àmì rere.

TI ÈYÍ TÍ Ó JÓKÒÓ SÓRÍ SÌLÍŃDÀ

Èyí tí owó rẹ̀ kéré jù lọ́jà ni sìlíńdà kékeré tí wọ́n de ojú iná mọ́ lórí tààrà, tí kò ní rọ́bà tí kò sì ní rẹgulétọ̀. Kò sí ẹ̀bi fún ẹni tí ó rà á nítorí owó, ṣùgbọ́n kí ó mọ ohun tí ó rà. Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ìdí ẹyọ kan ni ti èyí, òkè rẹ̀ ni ìwúwo sì wà. Ó dára fún omi tíì, fún ẹ̀kọ àti fún ọbẹ̀ díẹ̀. Kò dára fún àmàlà tàbí ẹ̀bà tí wọ́n ń rò lórí iná. Ẹni tí ń rokà a máa fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀, a sì máa fi gbogbo apá rẹ̀ ti orógùn. Bí ìkòkò bá yẹ̀, omi gbígbóná, iná àti sìlíńdà ni yóò jọ ṣubú lé e. Kí ó gbé ìkòkò sílẹ̀ kí ó tó rò ó. Ìkòkò tí ó fẹ̀ ju sìlíńdà lọ kò dára fún un pẹ̀lú, nítorí ooru rẹ̀ a máa yí padà sórí irin tí gáàsì wà nínú rẹ̀.

ÌṢIRÒ KÍ Ó TÓ KÚRÒ NÍLÉ

Sìlíńdà tí ó wọ́pọ̀ ní ọjà ni ti kílò 3, kílò 5, kílò 6 àti kílò 12.5. Èwo ni kí ènìyàn rà? Ojú iná kan tí kò tóbi jù, bí wọ́n bá ṣí i dáadáa, a máa jẹ nǹkan bí gíráàmù 160 ní wákàtí kan. Nítorí náà, gáàsì kílò 3 á tó nǹkan bí wákàtí 19. Ti kílò 6 á tó nǹkan bí wákàtí 37. Ti kílò 12.5 á tó nǹkan bí wákàtí 78. Ìdílé tí ó ń lo ojú iná kan fún wákàtí mẹ́ta lójúmọ́ yóò fi kílò 3 lo ọjọ́ 6, kílò 6 ọjọ́ 12, àti kílò 12.5 ọjọ́ 26.

Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ará abúlé ti ń ṣìṣe. Wọ́n á ra èyí tí ó kéré jù nítorí pé owó rẹ̀ kéré, wọn kò sì ní ka owó ọkọ̀ mọ́ ọn. Ká ní ìdílé kan ń lo kílò 12 lóṣù, tí owó ọkọ̀ lọ-bọ̀ sí ibi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì sì jẹ́ 1,000 náírà. Ẹni tí ó ní sìlíńdà kílò 3 yóò lọ lẹ́ẹ̀mẹrin, yóò sì san 4,000 náírà fún ọlọ́kọ̀. Ẹni tí ó ní ti kílò 6 yóò lọ lẹ́ẹ̀mejì, yóò san 2,000 náírà. Ìyàtọ̀ rẹ̀ lọ́dún jẹ́ 24,000 náírà, tí ẹnì kan kò fi se oúnjẹ kankan. Àmọ́, sìlíńdà onírin kílò 12.5 tí ó kún wúwo gan-an, ó lè ju kílò 25 lọ. Ìyá tí yóò gbé e fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbàgbé ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ilé ní abúlé, ti kílò 6 ni ó wà láàárín méjèèjì.

ÌWỌ̀N NI ẸLẸ́RÌÍ

Kílò ni wọ́n fi ń ta gáàsì, ojú òṣùwọ̀n nìkan ni ó sì lè jẹ́rìí sí i. Kí sìlíńdà tó gba gáàsì, kí wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n lójú ẹni tí ó ni ín. Bí wọ́n bá kọ 7.5 sí ara sìlíńdà kílò 6, ó túmọ̀ sí pé nígbà tí ó bá kún, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ kílò 13.5. Bí òṣùwọ̀n bá fi 8 hàn kí wọ́n tó rọ ọ́, ìlàjì kílò gáàsì ṣì wà nínú rẹ̀; kílò 5 àbọ̀ péré ni kí wọ́n fi kún un, owó kílò 5 àbọ̀ náà sì ni kí wọ́n gbà.

Ẹni tí ó bá ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi èènì sí i ń bẹ̀bẹ̀ fún ewu. Èènì dára lórí ẹ̀wà àti gàrí. Kò dára nínú sìlíńdà. Nínú gbogbo sìlíńdà, wọ́n fi àyè sílẹ̀ tí ó tó nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún, nítorí pé omi gáàsì a máa wú nígbà tí oòrùn bá mú. Bí àyè náà kò bá sí mọ́, irin ni yóò gba agbára rẹ̀. Bí wọ́n bá ń gbé e bọ̀ nílé, kí ó dúró lórí ìdí rẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ wà ní títì, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe mu sìgá nítòsí rẹ̀.

NÍGBÀ TÍ Ó BÁ DÉLÉ

Ìta ni ibi tí ó dára jù fún sìlíńdà, lábẹ́ òrùlé kékeré tí kò jẹ́ kí oòrùn àti òjò kàn án. Bí inú ilé ìdáná ni yóò bá wà, kí ilẹ̀kùn àti fèrèsé máa ṣí, kí ihò sì wà nísàlẹ̀ ògiri, nítorí pé ilẹ̀ ni gáàsì ń gbà lọ. Kò gbọdọ̀ wà nínú yàrá tí ènìyàn ń sùn.

Ọṣẹ àti omi ni wọ́n fi ń wá ibi tí ó ń jò. Kí wọ́n po ọṣẹ títí yóò fi hó, kí wọ́n fi í pa ẹnu sìlíńdà, rẹgulétọ̀ àti ìhà méjèèjì rọ́bà. Níbi tí ìhó bá ti ń wú, ibẹ̀ ni ó ti ń jò. Ẹni tí ó bá ń fi ìṣáná wá a yóò rí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lè má rí ohun mìíràn mọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Bí wọ́n bá fẹ́ tan iná, ìṣáná ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣá, kí wọ́n tó ṣí kọ́rọ́ sítóòfù. Bí wọ́n bá se oúnjẹ tán, kí wọ́n ti ẹnu sìlíńdà gan-an, kì í ṣe kọ́rọ́ sítóòfù nìkan. Bí gáàsì bá ń tán lọ, kí wọ́n má ṣe dùbúlẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n má ṣe fi omi gbígbóná tàbí iná yá a.

Bí òórùn gáàsì bá kún ilé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tan iná mànàmáná tàbí kí ó pa á. Kí ó má ṣe lo tẹlifóònù nínú ilé náà. Kí wọ́n kó àwọn ọmọ jáde, kí wọ́n ti ẹnu sìlíńdà bí ó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, kí wọ́n sì dúró ní ìta títí òórùn yóò fi lọ. Bí iná bá jó ẹnikẹ́ni lára, omi tútù tí ń ṣàn ni kí wọ́n dà sí i fún ìṣẹ́jú 20, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹyin, epo pupa àti ọṣẹ ìfọyín kì í ṣe oògùn iná.

BÍ OWÓ KÒ BÁ TÓ

Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó kò ní láti pa èrò náà tì. Kí ó fi èsúsú tàbí àjọ kó o jọ. Bí ó bá sì di dandan kí ó gé nǹkan kúrò, kí ó gé ojú mẹ́rin sí méjì. Kí ó gé dígí kúrò. Kí ó gé kílò 12.5 sí kílò 6. Kí ó má ṣe gé sìlíńdà tuntun sí àlòkù, kí ó má ṣe gé rọ́bà gáàsì sí rọ́bà omi. Owó tí ó dá sí lórí dígí lè ra rọ́bà àti ìdè rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ọwọ́ tí ń dáná ni yóò pinnu bí gáàsì yóò ti pẹ́ tó. Kí wọ́n re ẹ̀wà sómi kí wọ́n tó gbé e kaná. Kí wọ́n dé ìkòkò. Bí ó bá ti hó, kí wọ́n dín iná kù, nítorí pé omi tí ń hó gùdùgùdù kò gbóná ju èyí tí ń hó pẹ̀lẹ́ lọ. Iná tí ó bá ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, òde ni ó ń yá. Kò sì sí ẹni tí ó ní kí wọ́n wó ààrò àtijọ́: nígbà ìnáwó, tí wọ́n bá gbé agbada ńlá jáde, ìta gbangba àti igi ṣì ní iṣẹ́ tiwọn.

Páńsá kò fura, páńsá já síná. Àjà kò fura, àjà jìn. Gáàsì kì í ṣe ọ̀tá ilé. Ìránṣẹ́ ni, tí ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìsí èéfín bí wọ́n bá há a mọ́ ibi tí ó tọ́. Owó tí onílé fi ra ìhámọ́ náà kò ṣòfò.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN TÍ Ó JỌ KÀ Á NÍ ILÉ ÌKÀWÉ

1. Kí ni ìdí tí ihò fi gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ògiri ilé ìdáná gáàsì?
2. Èwo nínú ohun mẹ́rin tí ènìyàn ń rà ni owó ti lè dín? Kí ni a lè yọ kúrò lára rẹ̀?
3. Wọ́n kọ 7 sí ara sìlíńdà kílò 6. Òṣùwọ̀n fi 8 hàn kí wọ́n tó rọ ọ́. Kílò mélòó ni kí wọ́n fi kún un?
4. Kí ni ìdí tí kò fi dára kí wọ́n ro àmàlà lórí iná tí ó jókòó sórí sìlíńdà?
5. Owó ọkọ̀ mélòó ni ìdílé olúkúlùkù ń san lóṣù nítorí ohun ìdáná? Sìlíńdà wo ni yóò dín in kù?